Ọ̀gá Ni Kò Níwèé, Oníjó Ni Wọ́n Mú

Lálẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn ikọ̀ amúṣẹ́yá ìjọba olú-ìlú já wọ ilé fàájì kan tí wọ́n ń pè ní Caramelo, ní Utako, nílùú Àbújá. Obìnrin 34 ni wọ́n kó lọ. Wọ́n ní ijó oníhòòhò ni wọ́n ń jó fún oníbàárà. Kí ọdún náà tó parí, katakata ìjọba ti dé bá ilé ọ̀hún, wọ́n sì wó o palẹ̀. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ṣe lórí wíwó yìí kò ní ijó nínú, kò sì ní ìhòòhò nínú: wọ́n ní ilé ìwòsàn ni ìwé sọ pé kí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn, ẹni tó ni ín wá sọ ọ́ di ilé ijó.

Ìbéèrè tèmi kò pọ̀. Èwo nínú àwọn obìnrin 34 yẹn ló fọwọ́ sí pílánù ilé? Èwo nínú wọn ló gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣètò ilé kíkọ́? Fáìlì ilẹ̀ yẹn wà lọ́wọ́ ìjọba kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti yí ilé ìwòsàn padà kò nílò òru, kò nílò ìbọn. Kó gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án gangan, kó ka pátákó ara ògiri, ó tán.

Ẹnì kan á ní kí ló kan àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó nínú ọ̀rọ̀ Àbújá. Ó kàn wá dáadáa. Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, èyí tí à ń pè ní Ọlábísí Ọnàbáńjọ lónìí, ni ọ̀nà tó lọ láti Àgọ́-Ìwòyè sí Òrù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó ti di ọ̀nà fàájì. Òtẹ́ẹ̀lì ń yọ, bíà pálọ̀ ń yọ, àwọn tó ń pe ilé ọtí wọn ní láúńjì náà ń yọ. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, jẹnẹrétọ̀ á máa ké, DJ á máa ké lé e lórí, ẹni tó ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé á di etí. Àwọn ọmọ wa tó rówó ní Èkó àti lókè òkun kì í fẹ́ dá iléeṣẹ́ gẹdú sílẹ̀ mọ́, iṣẹ́ tí a fi mọ Ìjẹ̀bú-Igbó látayébáyé. Kílọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fẹ́. Ó tètè ń hàn sáyé, iná rẹ̀ sì ń tàn lójú fóònù.

Iléeṣẹ́ ijó oníhòòhò tó ní ẹ̀ka káàkiri bíi ti Amẹ́ríkà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa wọ́n níbẹ̀, tó sì ń pa irú wọn ní Èkó àti Àbújá, lè pa ilé ọtí oníjókòó méjìlá lẹ́bàá géètì ilé-ìwé. Kì í sábà jẹ́ ìwà ìbàjẹ́. Ìwé ni: ìwé ilẹ̀, ìwé ọtí, ìwé owó orí, ìwé òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ló ń ṣe àṣìṣe náà ní ọ́fíìsì. Ẹni tó wà lórí pèpéle ijó ni wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìwé ọtí. Àfikún Kẹrin òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 kó àṣẹ lórí ọtí títà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó kó o mọ́ àmójútó ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti pátákó ìpolówó. Òfin ọdún 1998 tó to irú owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ sọ ohun kan náà: owó láísẹ́ńsì ọtí, ti káńsù ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta bíà ní Òkè-Àgbò, káńsù Ìjẹ̀bú Àríwá ló ni kó lọ bá. Ẹni tó bá fẹ́ tà á ní Ìwópin, káńsù Ògùn Waterside tó fi Àbígi ṣe olú ìlú ni. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀ lórí ìwé.

Òtẹ́ẹ̀lì ni kò rọrùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ní òun ló ni àṣẹ láti fún òtẹ́ẹ̀lì níwèé kó sì to wọ́n ní ìpele-ìpele. Ìjọba Èkó ní irọ́ ni. Wọ́n bá ara wọn dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2013 ni ilé-ẹjọ́ náà sì dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ààlà rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú èyí, lọ́dún 2003, ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ilé kíkọ́ náà, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ẹ wo ibi tí èyí gbé ẹni tó fẹ́ dá kílọ́ọ̀bù sílẹ̀ sí. Ọtí inú fìríìjì rẹ̀, ti káńsù. Yàrá òkè tí àlejò ń sùn sí, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ògiri tó mọ yí gbogbo rẹ̀ ká, ti Abẹ́òkúta náà. Ojúlówó ọtí tàbí ayédèrú, NAFDAC ló máa bi í. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn onílé ọtí gba rìsíìtì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ yẹ́lò, wọ́n fi í sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn káńtà, ọkàn wọn sì balẹ̀. Ọjọ́ tí òmíràn bá dé tó béèrè ìwé kejì ni wọ́n máa ń mọ̀ pé òwò wọn dúró lórí omi.

Kì í sì í ṣe tálákà nìkan lèyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Quilox ní Victoria Island, tí Shina Peller, ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peller onídán tí gbogbo Yorùbá mọ̀, dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, wà lára ilé fàájì tó lórúkọ jù ní Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìjọba Èkó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí ariwo àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí àríyá rẹ̀ dá sílẹ̀ lójú pópó. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ni Peller nígbà náà, ó ń ṣojú àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti àyíká rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọlọ́pàá Maroko tún fi òun fúnra rẹ̀ sí àhámọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n gbé. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí ó ṣọ̀wọ́n. Ẹ rántí Caramelo, kí ẹ bi ara yín léèrè ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbọ́ pé ọlọ́pàá dé ilé fàájì tí wọ́n sì mú ọ̀gá ibẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé. Ní Ògùn, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tọrọ ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ sílé. Nígbà tí wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ṣí, mọ́sálásí ṣí, ọjà ṣí, àmọ́ ilé ijó wà ní títì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ tún ké sí wọn pé kí wọ́n tì í pa. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ń tà lọ ní tiwọn nítorí oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò kọjá ijó nìkan ló jókòó sílé, òun àti DJ rẹ̀, òun àti àwọn báńsà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ rí bí àṣìṣe ọ́fíìsì ṣe ń rí nígbà tó bá sanra, Amẹ́ríkà ni ká lọ. Houston ní Texas, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àmàlà tí kò lóǹkà, ni wọ́n ti dá Rick's Cabaret sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ó ti di RCI Hospitality báyìí, wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ lórí ọjà ìpín Nasdaq, àmì tó sì ń jẹ́ níbẹ̀ ni RICK. Ọgbọ́n òwò wọn hàn kedere: ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà kì í fẹ́ fún ilé ijó oníhòòhò tuntun níwèé mọ́, nítorí náà ẹni tó ti gba ìwé látijọ́ ló ní ohun tí owó kò lè tètè rí rà. RCI wá ń ra àwọn ilé àtijọ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Láísẹ́ńsì ni wọ́n ń rà. Àga, iná àti òpó ijó kàn ń bá a wọlé ni.

Kí iléeṣẹ́ tó mọ iyì ìwé tó báyìí wá kọsẹ̀ lórí ìwé, ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Texas ṣòfin pé láti ọdún 2008, ilé ijó oníhòòhò tó ń jẹ́ kí wọ́n mu ọtí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ san dọ́là 5 lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Àwọn ará ibẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní owó orí òpó. Àwọn onílé ijó gbé e dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì fìdí rẹmi níbẹ̀ lọ́dún 2011. Nígbà tó di ọdún 2015, RCI gbà láti san mílíọ̀nù 10 dọ́là fún Texas díẹ̀díẹ̀ lórí gbèsè tó ti kó jọ. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n parí ẹjọ́ àwọn oníjó New York. Iléeṣẹ́ náà ti ń sọ pé àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ òun, pé olówò aládàáni ni wọ́n, òun kò jẹ wọ́n ní owó oṣù kankan. Adájọ́ wo bí wọ́n ṣe ń fi òfin dè wọ́n, tí wọ́n ń bu owó ìtanràn lé wọn, tí wọ́n ń sọ ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọlé àti irú bàtà tí wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀, ó ní lọ́dún 2013 pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Mílíọ̀nù 15 dọ́là ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Ìgbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni agbẹjọ́rò àgbà New York, Letitia James, fi ẹ̀sùn kan iléeṣẹ́ náà àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kan pé wọ́n ti ń fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìwé owó orí wò ní rìbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn náà ṣe sọ, wọ́n ń gbé ọkùnrin yìí lọ sí Florida lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń san owó òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì ń san owó ijó oníkọ̀ọ̀kan fún un, tó lè tó 5,000 dọ́là lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má baà san owó orí ọjà tó lé ní mílíọ̀nù 8 dọ́là. Iléeṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ ló sì lè sọ ẹni tó ń purọ́. Ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú wo ló máa ka èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín? A ti rò pé àwa nìkan ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá yẹ ìwé wò tó ń mu bíà ọ̀fẹ́.

New York yìí náà ni ẹjọ́ kan ti wáyé tí mi ò lè fò kọjá. Ilé ijó kan lẹ́bàá Albany, Nite Moves lorúkọ rẹ̀, kọ̀ láti san owó orí lórí ijó. Ó ní òfin yọ ijó orí ìtàgé sílẹ̀ nínú owó orí, ijó sì ni tòun náà. Wọ́n gbé ẹlẹ́rìí wá: Judith Lynne Hanna, ọ̀mọ̀wé tó fi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ijó àwọn ará Ubakala ní ilẹ̀ Ìgbò di gbajúmọ̀. Obìnrin tó ti jókòó sí Ubakala wo ìyá àgbà tó ń jó wá dé ilé-ẹjọ́ láti ṣàlàyé pé ijó orí òpó ní ìṣísẹ̀, ní ètò, ní ẹ̀kọ́ṣẹ́. Lọ́dún 2012, adájọ́ mẹ́rin nínú méje ní kì í ṣe irú ijó tí òfin ń sọ. Àwọn mẹ́ta tó kù ní kí ló kan ìjọba láti máa yan ijó tó gbayì yàtọ̀ sí èyí tí kò gbayì. Èmi wà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yẹn. Ìjọba tó bá fẹ́ gba owó orí kó gbà á lọ́wọ́ ijó gbogbo, kó má fi ojú ìwàásù wo ìwé ìṣirò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìlú ló ni ọ̀rọ̀ náà. Òfin ọdún 2009 fún wọn láǹfààní láti ní ìwé àṣẹ àrà ọ̀tọ̀ fún ilé ijó oníhòòhò, kí wọ́n máa tún un gbà lọ́dọọdún, kí ìgbìmọ̀ sì sọ iye tó lè wà ní àdúgbò, títí kan òdo. Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, yan òdo lọ́dún 2011, àmọ́ wọ́n fi àwọn tó ti wà níbẹ̀ sílẹ̀. Sheffield ní tirẹ̀ sọ ìwé ilé ijó Spearmint Rhino dọ̀tun láì gbé ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin ìlú yẹ̀ wò bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe. Lọ́dún 2018 wọ́n gbà lójú ẹjọ́ pé àwọn ṣàṣìṣe. Edinburgh ní Scotland yan òdo lọ́dún 2022, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé e ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ta ló gbé Edinburgh lọ sílé-ẹjọ́? Àwọn onílé ijó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn oníjó fúnra wọn náà pẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní ẹ kò béèrè lọ́wọ́ wa kí ẹ tó sọ iṣẹ́ wa di òdo.

Ẹ fi èyí wé tiwa. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn Caramelo tí wọ́n tún fi kó obìnrin tó lé ní 60 káàkiri òpópónà àti ilé ijó Àbújá. Àwọn obìnrin náà ní wọ́n lu àwọn, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan àwọn ọlọ́pàá pé wọ́n fipá bá àwọn kan nínú wọn lò pọ̀. Ìwọ́de ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ ní Àbújá àti Èkó. Ní ìparí ọdún yẹn, Adájọ́ Binta Nyako ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sọ lórí ẹjọ́ mìíràn pé wíwọ ilé àwọn obìnrin láti mú wọn lórí ẹ̀sùn aṣẹ́wó kò bófin mu. Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní Gúúsù kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ẹni tó ń gbé ilé aṣẹ́wó kalẹ̀ àti ẹni tó ń jẹ nínú owó wọn ló kọjú sí. Ọ̀gá ni òfin ń wá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá ni a kò ti rí ọ̀gá.

Àwọn ará Ògùn Waterside mọ irú ìdájọ́ tó ń fi ìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ yìí dáadáa, bí kò tilẹ̀ jẹ́ nípa ijó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Irele ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí wọn. Ojú á ṣú wọn, orí á fọ́ wọn, ọjọ́ kan lẹ́yìn náà wọn á kú. Àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol, oró tó ń fọ́ni lójú, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ó tó ènìyàn 18, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá a lọ. Ọ̀pọ̀ mìíràn tún kú ní Rivers láìpẹ́ sígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ wá fòfin de ògógóró ní oṣù Kẹfà. Ẹni tó da oró mọ́ ọtí kì í ṣe ìyá tó ń pọn ọtí lábẹ́ igi ọ̀pẹ ràfíà ní etí omi, ṣùgbọ́n agbè ìyá yẹn ni òfin dé bá. Bí káńsù bá ti ní ìwé gbogbo ẹni tó ń pọn ọtí àti ẹni tó ń kó o kiri, wọn ì bá mọ ilẹ̀kùn ẹni tí wọ́n máa kàn.

Ìwé wà lórí rẹ̀ pé káńsù ló ni àṣẹ ọtí. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 sì ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà, láìgba ọwọ́ gómìnà kọjá. Àwáwí owó kò lágbára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láísẹ́ńsì ọtí kò sì nílò owó ńlá: akọ̀wé kan, ìwé ńlá kan, àti òṣìṣẹ́ ìlera kan tí kì í gba bíà ọ̀fẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ alága Ìjẹ̀bú Àríwá àti alága Ògùn Waterside fún nìyí. Ẹ lẹ orúkọ gbogbo ilé ọtí àti ilé ijó tó ní ìwé mọ́ ògiri ọ́fíìsì káńsù ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Àbígi, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan máa parí síbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí lè kà á. Ẹ gba owó yín ní báǹkì, kí ẹ fún wọn ní rìsíìtì. Ẹni tí kò bá níwèé, ẹ kọ lẹ́tà sí i lọ́sàn-án, kí ẹ fún un lọ́jọ́, kí ẹ sì tì í pa tí ọjọ́ bá pé. Ẹ béèrè ọjọ́ orí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ rí i dájú pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò sí nínú wọn. Tó bá sì di ọjọ́ tí ẹ máa ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ilé náà sórí ìwé tí ẹ fi rán wọn, kó jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ní ẹnu ọ̀nà.